Ihò Kan Lórí Ọkọ̀ Àna

Iná-Dé ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́ rẹwáyà. Bó bá ti so wáyà mọ́ wáyà, tí ọkọ̀ tó ti kú tipẹ́ bá tanná, yóò pàtẹ́wọ́, yóò pariwo pé, "Iná dé o!" Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì yóò sì dá a lóhùn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ni ìyàwó ń pè é, àfi tí inú bá ń bí i. Nígbà náà, kì í pè é ní nǹkan kan.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ẹnu yìí gan-an ni wàhálà rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tó máa di ẹrù rẹ̀ lé lórí. Bátìrì ni kò dáa, ayédèrú fíúsì ni wọ́n tà fún un, onímọ́tò ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ tẹ nǹkan. Àwọn oníbàárà a bá a jiyàn díẹ̀, wọn a sì máa lọ. Ojú kò tì í rí nítorí ìyẹn. Ó kà á mọ́ ọgbọ́n iṣẹ́.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ àjàgbé kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é ní Bàbá Onítírélà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan báyìí ló kù tó ń wà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, ìyàwó Iná-Dé nìkan ló wà nítòsí. Bàbá ń dá gbé nínú ilé rẹ̀, ó ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó ń po tíì ara rẹ̀, ní àràárọ̀ ló sì máa ń fi àkísà nu ọkọ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún ìyá náà. Tí wọ́n bá ní kó sinmi ọkọ̀ wíwà, a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sípò àga. Ibi tí wọ́n bá gbé àga sí náà ló ń wà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá wa ọkọ̀ náà wọ inú ọgbà mẹkáníìkì. Iná-Dé sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ọkọ ọmọ mi, iṣẹ́ ni mo wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ẹ pàṣẹ ni."

Bàbá nawọ́ sí rédíò tó wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. "Ṣé o rí eléyìí? Tí mo bá fẹ́ yí i, àfi kí n dorí kodò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, ọ̀nà ti yà, èmi ò yà. Lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà. Nínú tírélà tí mo wà nígbà yẹn, òkè orí ni rédíò wà, láàárín àwọn pákó tí wọ́n ń fà sílẹ̀ dí oòrùn. Mo kàn máa nawọ́ báyìí ni." Ó nawọ́ sókè láìwo ibẹ̀, ó fi ìka méjì yí afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti ẹni tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́. "Ṣé ó ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ kékeré?"

Kí Iná-Dé tó dáhùn, ọkùnrin páńẹ́bítà tó ń lu ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbé òòlù sílẹ̀. "Bàbá, ó ṣeé ṣe o, ṣùgbọ́n páànù orí ọkọ̀ kékeré fẹ́lẹ́ bí ìwé. Irin ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n dè é mọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan gún páànù yẹn."

Iná-Dé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lu páànù tiyín. Àna mi kò wá bá yín, èmi ló wá bá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Páńẹ́bítà gbé òòlù rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ká má purọ́, iṣẹ́ náà dára. Iná-Dé tú rédíò kúrò nísàlẹ̀, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àpótí kékeré tó wọ ààrin àwọn adíòòrùn méjèèjì pẹ́kí, ó fi aṣọ tó bá àwọ̀ àjà ọkọ̀ mu bò ó. Ó tú ìbòrí òpó tó di gíláàsì iwájú mú, ó fa gbogbo wáyà gba inú rẹ̀, ó sì dé e padà débi pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà kò ní rí wáyà kan ṣoṣo. Iwájú àpótí náà bọ́ sórí irin ìdábùú, ó sì dè é níbẹ̀ gírígírí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò dé orí irin. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tẹ irin pẹlẹbẹ kan, kó fi so ẹ̀yìn àpótí náà mọ́ ìdábùú. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ ti jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń wo ọ̀nà, àwọn èèyàn inú ọgbà sì ti ń yọjú wá wo ohun tí wọn ò rí rí. Ó ń ṣe Iná-Dé bíi kó tètè pariwo orúkọ ara rẹ̀. Ó mú sikúrúù gígùn kan, ó fi dírílì tì í.

Dírílì náà fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ "tọ̀."

Ó jáde, ó dibọ́n bí ẹni tó fẹ́ nu orí ọkọ̀. Ṣóńṣó sikúrúù ti yọ sí òkè páànù bí eyín ọmọ jòjòló. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Páńẹ́bítà ń lu páànù. Kíá ló yọ sikúrúù náà, ó fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀, ó fi pọ́tí dí ihò ti òkè, ó sì ki ìka bọ inú ọ̀dà tó jọ àwọ̀ ọkọ̀ náà, ó fi pa á. Ihò náà kò tó orí ìṣáná. Ta ni yóò gun orí ọkọ̀ lọ máa wá ohun tí kò tó orí ìṣáná?

Nígbà tí wọ́n tan rédíò, ohùn oníròyìn rọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Bàbá nawọ́, kò wo ibẹ̀, ó yí i, ohùn lọ sókè. Ó tún yí i, ohùn rẹlẹ̀.

"Háà! Ó dà bíi pé láti ọ̀run ni wọ́n ti ń ka ìròyìn fún mi!" Bàbá di ọwọ́ Iná-Dé mú, ó gbàdúrà fún un lójú gbogbo èèyàn. "O ò ní ṣìṣe. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ."

Iná-Dé ṣe àmín.  

Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó Iná-Dé ní kí ó bá òun kálọ sọ́dọ̀ bàbá òun, pé ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ rin gbingbin. Ní kété tí Iná-Dé tirí bọ inú ọkọ̀, ó ti rí òrùka aláwọ̀ tíì lára aṣọ àjà, lẹ́yìn àpótí rédíò. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ́ ọn lára kò dúró de ọkàn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò yí gíláàsì sókè lánàá ni."

"Mo yí i sókè," ni bàbá wí.

"Ẹ rántí dáadáa, Bàbá. Òjò ò kúkú lè gba inú páànù kọjá."

Bàbá wo gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti jíṣẹ́ tí kò rán an. "Mo rò pé mo yí i sókè," ló wá wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Iná-Dé gbọ́ "mo rò pé" yẹn. Ó gbọ́ ọ kedere. Ó lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ dúró síbẹ̀, ọmọ ẹni tó gbàdúrà fún un, ó sì rò ó pé ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pọ́tí àti ọ̀dà. Ó gba àkísà, ó ń dibọ́n bí ẹni ń nu orí ọkọ̀, ó sì tún fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò náà.

Gọ́ọ̀mù náà kò dúró. Òjò tún rọ̀, ìjókòó tún rin. Lọ́tẹ̀ yìí, kí Iná-Dé tó lanu, bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo tún gbàgbé."

"Kò burú, Bàbá," ni Iná-Dé wí. "Ara àgbà ni."

Bàbá mirí díẹ̀díẹ̀. "Ara àgbà ni," ló tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Iná-Dé wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú kíṣìnì. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, omi tíì ń hó, obìnrin náà kò gbé e kúrò lórí iná. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ti kó kọ́kọ́rọ́ fún mi," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ò wakọ̀ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ rántí ẹ̀gbọ́n Bàbá tó ti kú? Ẹni tó gbàgbé àwọn ọmọ ara rẹ̀ kó tó lọ? Bàbá ló ń fún un lóúnjẹ nígbà yẹn. Wọ́n ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gbàgbé gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, kí ló fẹ́ dá a dúró tí kò fi ní gbàgbé bíréèkì? Wọ́n ní kí n máa pe àwọn láràárọ̀ kí n máa bi àwọn ní ọjọ́ tí a wà." Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. "Ìyá àgbà tí Bàbá máa ń gbé ò lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà."

Iná-Dé gbé omi tíì kúrò lórí iná. "Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ pé ara àgbà ni?"

 Iná-Dé jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo aṣọ tí wọ́n sá. Ó ti purọ́ mọ́ bátìrì, ó ti purọ́ mọ́ fíúsì, ó ti purọ́ mọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n bú u tí wọ́n sì lọ. Bátìrì kì í gba irọ́ gbọ́. Àwọn oníbàárà náà kì í gbà á gbọ́ tán. Àna rẹ̀ nìkan ló gbà á gbọ́, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Gbígbọ́ tí bàbá gbà á gbọ́ yìí ló wá ń jó o lójú bí ata.

Síbẹ̀, ìtìjú kì í tètè sọ èèyàn di olóòótọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ẹ̀bùrú. Bó bá rọra lọ gbé ọkọ̀ náà, tó tún ihò náà dí dáadáa, òjò yóò rọ̀, ìjókòó kò ní rin, ara bàbá yóò balẹ̀, kò ní sí ẹni tó mọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé òun fẹ́ wo bátìrì kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé, ó sì gba ilé bàbá lọ.

Ó bá bàbá nídìí tábìlì. Ife tíì wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù. Ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn, ó ń fi ìka ka nǹkan. Nígbà tó rí Iná-Dé, ojú tì í díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Má dá mi lóhùn. Orúkọ àwọn ọmọ ni mò ń kà. Wá, jókòó. Jẹ́ kí n kà á, kí o bá mi wò ó bóyá mo fo ẹnì kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Ó ń kà wọ́n jẹ́jẹ́, ó ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ka èyí tó kú ní kékeré. Ó ka ìyàwó Iná-Dé. Ó ka àbíkẹ́yìn. Kò fo ẹnikẹ́ni. Ó wá gbójú sókè, ó na ìka kan sí i sí Iná-Dé.

"Àti ìwọ," ló wí. "Mo ti ń ka ìwọ náà mọ́ wọn."

Iná-Dé kò mọ ìgbà tó fi orúnkún lélẹ̀.

"Bàbá, ẹ yí gíláàsì náà sókè."

"Kí lo wí?"

"Ẹ yí i sókè. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo dá orí ọkọ̀ yín lu nígbà tí mò ń so rédíò. Mo fi pọ́tí dí i, mo fi ọ̀dà pa á. Òkè ni omi ń gbà wọlé. Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń sọ fún yín pé ẹ gbàgbé."

 Bàbá dìde, ó jáde síta, Iná-Dé sì tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ sórí páànù, ó ń fi ìka wá a kiri títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sójú ibi tó rí ṣágiṣàgi. Ìka náà dúró síbẹ̀.

"Mo yí gíláàsì náà sókè," ni bàbá wí.

"Ẹ yí i sókè, Bàbá."

"Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

"Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

 Iná-Dé rò pé èébú ló ń bọ̀, ó tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó jẹ́ èébú. Àmọ́ bàbá kò pariwo. "Orí ọkọ̀ lo dá lu," ló wí, "ṣùgbọ́n orí èmi ló ti ń jò láti ìgbà náà. Mò ń jí láàárọ̀, ẹ̀rù a máa bà mí láti ronú, kí n má baà rí i pé nǹkan ti sọnù níbẹ̀. O sì ń wò mí." Ó yọ ìka kúrò lórí páànù. "Ò ń wò mí, o ní ara àgbà ni."

Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ṣe Iná-Dé bíi kí ilẹ̀ lanu. Obìnrin aládùúgbò kan tó ń gbá ojúde rẹ̀ kí i, "Iná-Dé, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó yára gba ọ̀nà ilé lọ.

Fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé tí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ yóò tún wá ọ̀nà mìíràn. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Kò sunkún, kò bú u. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó mú àwọn ìbejì dání, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní nǹkan kan.

Ìyàwó yìí kan náà ló jíṣẹ́ bàbá fún un: "Bàbá ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ páńẹ́bítà. Ẹ̀yin fúnra yín. Wọ́n ní àwọn náà ń bọ̀ níbẹ̀."

Bàbá ti jókòó sábẹ́ ibòji kí Iná-Dé tó dé. Páńẹ́bítà gun àpótí, ó wo orí ọkọ̀, ó fi èékánná họ ọ̀dà ibẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Bàbá wo Iná-Dé. Kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó wà nínú ọgbà ti kóra jọ.

"Èmi ni," ni Iná-Dé wí.

Ká ní páńẹ́bítà fi í ṣẹ̀sín ni, ì bá sàn. Kò rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ọ," ló wí wẹ́rẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kó tú àpótí rédíò náà kí òun tó lè ṣe iṣẹ́ lábẹ́ páànù. Iná-Dé ń tú u lójú gbogbo àwọn tó ti pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́sí. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nu ún, nítorí ó wúlò fún un pé kí wọ́n rò pé òógùn nìkan ni. Páńẹ́bítà dí ihò náà, ó fọ̀dà sí i. Iná-Dé tẹ irin pẹlẹbẹ, ó fi so ẹ̀yìn àpótí mọ́ ìdábùú bó ṣe yẹ kó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, ó sì to wáyà padà. Bàbá wọ inú ọkọ̀, ó nawọ́ sókè, ó tan rédíò, ó sì wakọ̀ jáde lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ó dágbére fún páńẹ́bítà. Kò dágbére fún Iná-Dé.

Báyìí ló rí fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá pàdé, bàbá a dá ìkíni rẹ̀ lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn, a sì yà lọ. Iná-Dé ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò pariwo mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá tanná. Tí oníbàárà bá bi í pé kí ló ba nǹkan jẹ́, a dákẹ́ ná, nítorí ó ń gbọ́ irọ́ tó ń bọ̀ nínú ọ̀fun rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Nígbà mìíràn ó ń dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀kan, kò dá a dúró, ó sì ní láti sá tẹ̀ lé obìnrin kan jáde sí títì láti sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́." Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ọjọ́ kan ni bàbá tún yọ sí ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti wa tírélà rí ń wakọ̀ tẹ̀ lé e. Fèrè ọkọ̀ ọ̀rẹ́ náà ti kú. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Àna mi tí mo ní kí o jẹ́ ká wá bá nìyí. Tó bá kan wáyà, kò sí ọwọ́ tó mọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wí fún ọ pé ìwọ lo jẹ̀bi, tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọgbà hó fún ẹ̀rín. Páńẹ́bítà gbé òòlù sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Iná-Dé náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ gbóná dé etí, kò sì mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó gbé àga fún ọ̀rẹ́ bàbá. Ó bu omi tútù sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún bàbá. 

Bàbá wo ife náà. Ó gbà á, ó sì mu ún.